Ilé tí Ẹsẹ̀ Àmọ̀dá Yàn

Kí ojú Àmọ̀dá tó lọ, dírẹ́bà ni. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń wà fún kọ́ńpìnnì kan tó ń ṣe páànù ìbolé ní Ṣàngó, ó sì wà á títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Ní òwúrọ̀, á kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Àtàn àti Ìyànà Ìyesí, á gbé wọn dé ẹnu géètì kọ́ńpìnnì. Ní ìrọ̀lẹ́, á dá wọn padà sílé. Kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà náà tí kò mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá pẹ́, á tẹ họ́ọ̀nù, á dúró díẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ ká fún un láyè, bóyá ọmọ rẹ̀ ló ń sunkún."

Àrùn tó bá a jà kò pariwo kó tó dé. Gilokóómà ni àwọn dókítà pè é. Àmọ̀dá ní tirẹ̀ máa ń sọ pé olè ni, àti pé ẹ̀gbẹ́ ojú òun ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí nǹkan. Ó ń rí iwájú dáadáa, àmọ́ ohun tó bá wà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, àfi kó yí orí pátápátá. Ó fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ha òpó géètì, ó rò pé oorun ni. Ó tún ha á. Ní ọjọ́ kan, ní Joju, obìnrin kan tó ń sọdá títì figbe ta, Àmọ̀dá sì tẹ bíréèkì. Obìnrin náà kò fara pa. Ṣùgbọ́n Àmọ̀dá kò rí i rárá kó tó figbe ta, ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Ó gbé àwọn òṣìṣẹ́ dé ilé, ó dá bọ́ọ̀sì padà sí kọ́ńpìnnì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ṣùgbọ́n ohun tí olè ti kó lọ kò ṣeé gbà padà. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù tó ń rí, bí ẹni ń wo àtùpà láti inú kùrukùru. Lẹ́yìn náà, ìyẹn pàápàá lọ.

Ilé rẹ̀ wà lọ́nà Alapoti, ilé oníyàrá mẹ́ta tó kọ́ díẹ̀díẹ̀, tó sì jìnnà sí títì. Nígbà tó ń wakọ̀, jíjìnnà yẹn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Iwájú ilé ni bọ́ọ̀sì ń sùn. Lẹ́yìn tí ojú lọ ló tó mọ ibi tó kọ́lé sí. Ìyàwó rẹ̀, Àdìzát, ń rán kọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú Ọ̀tà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sórí tábìlì, á sọ ibi tí omi wà fún un, á sì gun ọ̀kadà lọ. Àmọ̀dá á wá gbé àga síwájú ilé, á jókòó. Ẹyẹ ni yóò máa gbọ́, àti atẹ́gùn nínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, ọ̀kadà. Bó bá fẹ́ gẹrun, ọ̀kadà. Bó bá fẹ́ lọ kírun Jímọ̀, ọ̀kadà. Bí òjò bá sì rọ̀ tí ọ̀nà di ẹrẹ̀, ọ̀kadà kì í wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí òjò rọ̀ báyìí. Àmọ̀dá ti wẹ̀, ó ti wọ jálàmíà funfun, ó ti dé fìlà, ó jókòó síwájú ilé, ó ń dúró de ọlọ́kadà tó máa ń gbé e. Nígbà tí Àdìzát dé ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló bá a, nínú jálàmíà náà.

"Ọlọ́kadà ò wá ni?"

"Kò wá."

"Ẹ ò pè é?"

"Mo pè é. Ó ní ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù." Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Ìyá Afeezat, mo ti di ẹrù. Àwọn èèyàn ló ń gbé ẹrù kiri. Ẹrù kì í pinnu ibi tó ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Àdìzát sọ fún ọmọbìnrin wọn. Afeezat lorúkọ rẹ̀, ilé àyẹ̀wò inú yunifásítì kan ní Ọ̀tà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé ní Ojú-Òrè. Nígbà tó gbọ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ta ilé yẹn. Èmi àti ọkọ mi máa fi díẹ̀ kún un. Ẹ máa bọ̀ nítòsí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Afeezat mọ ajẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Dúrótoyè, ọ̀dọ́kùnrin kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán, tí ẹnu rẹ̀ sì máa ń yára ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, àmọ́ tí kì í purọ́.

Ilé àkọ́kọ́ tí Dúrótoyè mú wọn lọ wò wà nínú ẹ̀sítéètì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìdírókò. Wọ́n kọ́ àwọn ilé náà lẹ́sẹẹsẹ, ògiri ọ̀kan so mọ́ ògiri èkejì, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n, òdòdó sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Afeezat di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ń ṣàlàyé ohun tó ń rí fún un bí wọ́n ṣe ń lọ: pálọ̀ nìyí, táìsì ló wà nílẹ̀, bálùwẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ ò ní máa gun àtẹ̀gùn.

"Mọ́mì, ẹ wá wo kíṣìnnì," ni Dúrótoyè wí.

Àdìzát wọlé, ó dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Alapoti ló ti ń dáná nínú ibi ìdáná tó dá dúró lẹ́yìn ilé, tí òjò sì máa ń pa á bó ṣe ń gbé ìkòkò wọlé. Kíṣìnnì yìí fẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lókè àti nísàlẹ̀. Fèrèsé ńlá kan wà níwájú ibi ìfọwọ́, oòrùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi dà. Ó pa á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí tábìlì dídán náà, ó rọra ní, "Ó dára o." Afeezat wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé ilé ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Àmọ̀dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Dúrótoyè, wá mú mi jáde. Mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì."

Dúrótoyè rẹ́rìn-ín. "Bàbá, wọn kì í ta búrẹ́dì níbí. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni tajà nínú ẹ̀sítéètì. Ẹ máa kàn pè wọ́n lórí fóònù ni, wọ́n á gbé e wá bá yín."

"Mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

"Kò jìnnà, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò, kíá lẹ máa débẹ̀."

"Tí mo bá fẹsẹ̀ rìn ńkọ́?"

Dúrótoyè tó máa ń ní èsì sí gbogbo ọ̀rọ̀ mú Àmọ̀dá lọ́wọ́, wọ́n rìn dé géètì, mẹ́gáàdì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Títì ló wà níta. Kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, yanrìn ni, àti gọ́tà tí kò ní ìdérí. Tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé fìlà Àmọ̀dá lọ. Ó fi ọwọ́ di fìlà mú. Òmíràn tún kọjá. Ó dúró bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ.

"Ó tó," ó ní. "Jẹ́ ká padà."

Nínú ọkọ̀ Afeezat, bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Àmọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ilé yẹn dára," ó ní. "Mo gbọ́ ọ nínú ohùn yín."

"Ṣùgbọ́n kí ni?" ni Àdìzát bi í.

"Mi ò sọ pé ṣùgbọ́n."

"Ẹ ò sọ ọ́. Èmi náà gbọ́ ọ."

Àmọ̀dá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àdìzát, nígbà tí mo fẹ́ kọ́lé sí Alapoti, mi ò bi ọ́ bóyá ó wù ọ́. Ilẹ̀ ni mo rí, mo rà á, o sì tẹ̀ lé mi lọ. Ilé tó wù ọ́ lónìí yìí, jẹ́ ká gbà á. Àga kan ṣáá ni mo nílò. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá gbé e sí, màá jókòó."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rò ó tán. Inú Afeezat dùn pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, ó sì ní kí Dúrótoyè má fi ilé náà han ẹlòmíràn mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga yẹn kò jẹ́ kí ọkàn Àdìzát balẹ̀. Bó bá ń gé aṣọ, á máa gbọ́ ọ. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, á máa gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú ẹ̀sítéètì náà. Ó sọ fún mẹ́gáàdì pé òun fẹ́ tún ilé wò. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí tí Dúrótoyè sọ pé kò jìnnà.

Ojú rẹ̀ là, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, síbẹ̀ ọ̀nà náà le jù ú lọ. Ó rìn lórí yanrìn títí tó fi kan tírélà kan tó bàjẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì di dandan kó bọ́ sójú títì. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lódìkejì gbá báàgì rẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tó dé mọ́ṣáláṣí, eruku ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ bi í bóyá ó ń wá ẹnì kan.

"Rárá, Bàbá," ó dáhùn. "Ọ̀nà ni mò ń wò."

Ibẹ̀ ló ti pe Afeezat. "Sọ fún Dúrótoyè kó fi ilé yẹn fún ẹlòmíràn."

"Mọ́mì! Kíṣìnnì tẹ́ ẹ fẹ́ràn tó yẹn?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Àmọ́ bàbá rẹ kì í ṣe ẹni tá à ń gbé kalẹ̀ sórí àga."

Kò sọ fún Àmọ̀dá pé òun lọ rin ọ̀nà náà. Ó kàn ní òun ti yí ọkàn padà. Àmọ̀dá ní, "Ó dáa," kò sì bi í léèrè.

Wọ́n wo ilé mìíràn. Ọ̀kan wà ní àjà kejì, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Òmíràn kò ní omi. Ilé kan wà nítòsí Toll Gate tó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà àti àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ti gba gbogbo ilẹ̀, kò sí ibi téèyàn lè gbé ọ̀pá sí. Ó ti ń sú Afeezat. Ọjọ́ kan ni Dúrótoyè pe Àdìzát, ó ní, "Mọ́mì, ilé kan wà nínú ìlú. Mi ò rò pé ẹ̀yin máa fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ Bàbá lè fẹ́ràn rẹ̀."

Àdúgbò wa ni ilé náà wà, lẹ́yìn ọjà, nínú Ọ̀tà àtijọ́. Ẹbí kan ló wó ilé alámọ̀ bàbá bàbá wọn, wọ́n fi ilé kéékèèké mẹ́rin tó so mọ́ ara wọn rọ́pò rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí ń gbé nínú ọ̀kan lára wọn, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ni wọ́n sì ń tà. Ọ̀nà tó wà níwájú wa tẹ́ẹ́rẹ́, òkúta ni wọ́n tò sí i, àwọn ọlọ́kadà kò sì lè sáré níbẹ̀. Gọ́tà ní ìdérí. Ẹ̀rọ ìlọta wà lápá kan, ẹni tó ń lẹ táyà wà níwájú rẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà ní ìkángun ọ̀nà. Ní ẹ̀yìn wa, gbọ̀ngàn ìjọ Ọlọ́run kan wà, tí àwọn tó ṣí wá láti ìlú mìíràn máa ń kún.

Àdìzát wọ inú kíṣìnnì, ó na apá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kan ògiri. "Dúrótoyè, kíṣìnnì rèé àbí àpótí?" Ẹ̀rọ ìlọta bẹ̀rẹ̀ sí í han, Àdìzát sì gbé ohùn sókè. "Ariwo yìí ńkọ́? Ṣé báyìí ló máa ń ṣe lójoojúmọ́?"

Ó jáde, ó rí ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà tó gbójú sókè, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Afeezat, ariwo yìí ni ojú mi," ni Àmọ̀dá wí. "Gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ ata wà lápá òsì mi. Ẹni tó ń fọn afẹ́fẹ́ sí táyà nìyẹn, níwájú. Lọ́ọ̀ọ́kán, omi ń dà láti inú kẹ́túlù. Ṣé ibi àlùwàlá kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, Bàbá," ni Dúrótoyè dáhùn, ẹnu sì yà á.

"Ata gbígbẹ ni ẹnì kan ń tà nítòsí. Ẹnì kan ń dín àkàrà." Ó mí sínú. "Ẹ má tíì ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá máa rìn ín ná."

Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Bí Àdìzát bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á mú un wá, á fi í sílẹ̀ níwájú wa, Àmọ̀dá á sì máa rìn. Á fi ọ̀pá funfun rẹ̀ kan ìdérí gọ́tà, á rìn dé ibi ẹ̀rọ, á dúró, á gbọ́, á tún lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ó ti sọ nǹkan nù. Mo jáde, mo kí i, mo ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín wá a?"

"Rárá, mo dúpẹ́," ó ní. "Ilé ni mò ń rà."

Nígbà tí ó ti mọ ọ̀nà náà díẹ̀, ó ní òun fẹ́ dá lọ kírun Àsárì, kí òun sì dá padà. Àdìzát wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú Dúrótoyè, ó ń wọn fèrèsé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń sọ pé òun kò tíì gbà. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí tó fi wọ mọ́ṣáláṣí, ó sì padà sídìí fèrèsé.

Àmọ̀dá kírun, ó jáde, ó kọjú sí ilé. Lójijì ni wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fọn afẹ́fẹ́ sí táyà dákẹ́. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ bí ẹni tó di ẹ̀mí mú, kò sì tíì sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀. Àmọ̀dá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bíi pé wọ́n tún fọ́ òun lójú lẹ́ẹ̀kejì. Ó rìn díẹ̀, ó rò pé òun ti dé ibi tó yẹ kí òun yà, ó yà. Òkúta tán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ lásán ló kù. Ó yà sí ibòmíràn. Ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri tí kò mọ̀. Ó wá gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń to àga oníke, ó sì tẹ̀ lé e.

Gbọ̀ngàn ìjọ ló dé. Ọ̀kan lára àwọn tó ń tún ibẹ̀ ṣe rí i, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dúpẹ́, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó wá bá a.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ibo lẹ ń lọ?"

Ojú ti Àmọ̀dá. "Mo kàn ń sinmi ni, ọmọ mi."

Dúpẹ́ kò bá a jiyàn. Ó gbé àga kan wá, ó gbé omi fún un, ó sì ń bá àga tó ń tò lọ. Àmọ̀dá mu omi. Ó gbọ́ bí àwọn obìnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gáàsì. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò sinmi kankan. Mo ṣìnà ni."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Dúpẹ́ fèsì. "Níbo nilé?"

Ó sọ fún un. Dúpẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé kí n dì yín lọ́wọ́ mú ni, àbí kí n máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ?"

Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti lọ, kò sẹ́ni tó bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Àwọn èèyàn kàn máa ń gbá a lápá mú ni. "Máa bá mi sọ̀rọ̀," ó ní. Dúpẹ́ bọ́ síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Treasure, tí kò fẹ́ jẹ ẹ̀wà, Àmọ̀dá sì ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Nígbà tí òkúta tún dé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ ibi tó wà.

Gbogbo wa ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn. Àdìzát ti sáré dé mọ́ṣáláṣí, kò bá a níbẹ̀. Ó ti sáré dé ẹnu ọjà. Nígbà tó rí i, ẹkún àti ìbínú ló pàdé lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ? Tẹ́ ẹ bá bọ́ sí gọ́tà ńkọ́? Ibí yìí kò dáa fún yín!"

Àmọ̀dá na ọwọ́ wá a, ó rí èjìká rẹ̀. "Àdìzát, gbọ́. Mo sọnù, wọ́n sì rí mi. Ní Alapoti, mi ò lè sọnù láéláé. Ibo ni n ó ti lọ tí n ó fi sọnù?"

Àdìzát fi ìborùn nu ojú. Ó wá yíjú sí Dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mọ́mì." Dúpẹ́ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí púpọ̀ sáré kúnlẹ̀ tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn pé kí ẹnì kejì dìde. Àmọ̀dá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló mú Àdìzát náà rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Àdìzát pe Dúrótoyè sínú kíṣìnnì. Ó fi ìka kan ògiri tó wà láàárín kíṣìnnì àti yàrá ìkẹ́rùsí. "Tí wọ́n bá wó eléyìí, a máa gbà á. Tí wọn ò bá wó o, ẹ máa bá tiyín lọ." Dúrótoyè lọ bá àwọn tó ni ilé. Bírikìlà wò ó, ó ní ògiri náà kò gbé nǹkan kan dúró. Wọ́n wó o. Kíṣìnnì náà kò fẹ̀ tó ti ẹ̀sítéètì, kò sì ní fèrèsé ńlá, ṣùgbọ́n èèyàn méjì lè dúró nínú rẹ̀ láìgbún ara wọn nígbọ̀nwọ́.

Wọ́n kó dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan rọgbọ. Ní alẹ́ ìṣọ́ òru, gbohùngbohùn ìjọ kì í jẹ́ kí Àdìzát sùn, ó sì máa ń sọ ọ́ síta láàárọ̀. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà máa ń sún tábìlì wọn síwájú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kan wà tí Àmọ̀dá fi orúnkún gbá àtẹ tòmátì dànù, tí obìnrin tó ni ín sì bú u. Nígbà tó rí i pé kò ríran, ó bẹ̀ ẹ́. Àmọ̀dá ní kó má bẹ òun, pé òun ló da tòmátì nù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wá wọn jọ. Ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó bó lórúnkún. Àdìzát fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kò sì sọ̀rọ̀ kíkó kúrò.

Ṣọ́ọ̀bù Àdìzát ti wá di ohun tó ń fẹsẹ̀ lọ, kò sanwó ọ̀kadà mọ́. Bó bá di ọ̀sán, á wá sílé wá jẹun, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Nígbà mìíràn, Àmọ̀dá ló máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un, nínú kúlà tó gbé kọ́ apá, á sì jókòó tì í, á máa bá a tú òwú. Ó ní onígẹrun tirẹ̀. Ó ní ibi tó ti ń ra búrẹ́dì, ó sì mọ èyí tó bá jẹ́ ti àná tó bá ti tẹ̀ ẹ́. Èmi àti òun máa ń jùmọ̀ lọ síbi tí àwọn bàbá ti ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò lẹ́yìn Àsárì, níbi tí Àmọ̀dá ti ń bá wọn jiyàn lórí bọ́ọ̀lù tí kò rí, tó sì máa ń borí.

Ní Àìkú kan, Afeezat wá kí wọn láìpè wọ́n ṣáájú. Mo wà níwájú ilé mi, mo rí i tó kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kàn án. Ó pe fóònù ìyá rẹ̀, Àdìzát ní òun wà lọ́dọ̀ Dúpẹ́, àwọn ń gé aṣọ kọ́tìnnì fún gbọ̀ngàn wọn. Ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ibo lẹ wà?"

Mo gbọ́ ohùn Àmọ̀dá láti inú fóònù náà, nítorí pé kì í rọra sọ̀rọ̀ bó bá wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. "Mo jáde. Jókòó dè mí, mi ò ní pẹ́ púpọ̀."

Afeezat wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó wo ojú ọ̀nà. Mo ní kó wọlé wá dúró lọ́dọ̀ mi, ó ní kò burú, ibí yìí tẹ́ òun lọ́rùn. Ó fi gèlè nu àtẹ̀gùn iwájú ilé àwọn òbí rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń dúró dè wọ́n.